Oúnjẹ alẹ́ kan fún Àǹtí: àkọsílẹ̀ bí mo ṣe lé gluten kúrò nílé ìdáná mi

Ìdí tí mo fi dáwọ́ lé e

Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin wá bá wa jẹun alẹ́. Àǹtí ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Kí n tó wọlé ọkọ ni wọ́n ti ní àìsàn celiac, èyí tí gluten, ohun kan tó wà nínú àlìkámà, máa ń dá wàhálà sílẹ̀ nínú ìfun, mo sì mọ̀ pé wọn kì í fẹnu kan búrẹ́dì. Nítorí náà, mi ò se ohunkóhun tí ìyẹ̀fun wà nínú rẹ̀. Mo se ìrẹsì, mo yan adìẹ, mo se ẹ̀fọ́. Ọkàn mi balẹ̀ pé mo ti tọ́jú wọn. Kí ilẹ̀ tó mọ́, Àǹtí ti ń bì. Inú wọn wú, wọ́n ń yàgbẹ́, ó sì rẹ̀ wọ́n débi pé ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọn ò lè jáde.

Wọn ò bá mi wí. Àmọ́ nígbà tí wọ́n tún wá kí wa, wọ́n ti bu oúnjẹ tiwọn sínú abọ́ onídèérí kan. Wọ́n jókòó sáàárín wa, wọ́n ń jẹ oúnjẹ tútù inú abọ́ yẹn, àwa ń jẹ tiwa tó ń yọ èéfín. Mi ò lè gbàgbé rẹ̀. Mo pinnu pé màá tún ohun tó bàjẹ́ ṣe, kí Àǹtí lè tún jẹun láti inú ìkòkò mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló gbà mí. Mo ń kọ ohun tí mo ṣe sílẹ̀ bó ṣe ń lọ, èyí tó bọ́ sí i àti èyí tí kò bọ́ sí i, kí ẹlòmíì tó fẹ́ gba irú àlejò bẹ́ẹ̀ lè rí i lò.

Ọjọ́ kìíní: mo kọ́kọ́ béèrè

Kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan, mo pe Àǹtí lórí fóònù.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo fẹ́ mọ ohun tó ṣe yín lọ́jọ́sí. Ẹ bá mi tọpa rẹ̀."

"Ìyàwó wa, inú mi ò bàjẹ́ sí ọ. Ó dáa, ròyìn gbogbo ohun tó o ṣe fún mi, má fo ìkankan."

Mo bẹ̀rẹ̀ látorí adìẹ. Mo ní mo fi soy sauce rẹ ẹ́ mọ́jú. Wọ́n ní, "Ọ̀kan nìyẹn." Èyí tó pọ̀ jù nínú soy sauce tí wọ́n ń tà, ẹ̀wà sóyà àti àlìkámà ni wọ́n jọ fi ń ṣe é. Mi ò mọ̀. Mo ti rò pé ẹ̀wà nìkan ni, gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀. Wọ́n bi mí bóyá mo sẹ́ omi ìrẹsì. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, inú asẹ́ tí mo fi ń sẹ́ makaróní. "Èkejì nìyẹn." Wọ́n bi mí ohun tí mo fi ro ẹ̀fọ́. Ṣíbí onígi tó ti wà nílé wa fún ọdún mẹ́fà ni, òun ni mo fi ń ro gbogbo nǹkan. "Ìkẹta."

Ẹ̀rù bà mí níbẹ̀. Ẹlẹ́bi kan ṣoṣo ni mò ń wá, mẹ́ta ló jáde, kò sì sẹ́ni tó lè sọ èyí tó ṣiṣẹ́ ibi náà nínú wọn. Ó lè jẹ́ pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni.

Àǹtí wá ṣàlàyé àìsàn náà fún mi, irú àlàyé tó yẹ kí n ti béèrè tipẹ́. Gluten jẹ́ púrótéènì tó wà nínú ọkà mẹ́ta: àlìkámà, báálì àti ráì. Òun ló ń mú kí ìyẹ̀fun tí a pò dì mọ́ra, kó sì máa nà. Tó bá dé ìfun kékeré ẹni tó ní celiac, àwọn ọmọ ogun ara á kà á sí ọ̀tá, ṣùgbọ́n ìfun ẹni náà gan-an ni wọ́n á kọjú ìjà sí. Nínú ìfun yẹn, àwọn nǹkan tíntìntín bí ìka ọwọ́ ló tò jọ pẹ́kípẹ́kí, àwọn ló ń fa ohun tó ń ṣara lóore látinú oúnjẹ sínú ẹ̀jẹ̀. Ìjà náà á máa jẹ wọ́n títí wọ́n á fi pẹlẹbẹ. Èèyàn lè máa jẹ àjẹyó kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má tó, kí egungun rẹ̀ sì máa di ẹlẹgẹ́. Nínú èèyàn 100, nǹkan bí ẹnì kan ló ní in, ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì tíì mọ̀. Ìtọ́jú kan ṣoṣo tó wà fún un ni kéèyàn yàgò fún gluten títí ayé.

Willem Karel Dicke, dókítà àwọn ọmọdé nílẹ̀ Nẹ́dálándì, ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àlìkámà ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì ló ti ń fura. Nígbà tí ìyàn mú níbẹ̀ ní 1944 sí 1945, tí búrẹ́dì dàwátì kó tó tún padà dé, ìfura rẹ̀ lágbára sí i, ó sì kó gbogbo rẹ̀ jọ sínú ìwé ìwádìí rẹ̀ ní 1950. Láti ìgbà tí mo ti kà á ni mo ti ń ronú nípa àwọn ìyá tó bímọ ṣáájú ìgbà yẹn, tí wọ́n ń fi ìfẹ́ bu búrẹ́dì sẹ́nu ọmọ tó ń gbẹ lọ lójú wọn.

Ọjọ́ kejì: mo gé búrẹ́dì kan

Mo ń gbọ́ "díẹ̀ náà kò dáa", àmọ́ mi ò mọ bí díẹ̀ yẹn ṣe kéré tó. Codex, ìyẹn ìlànà àgbáyé lórí oúnjẹ tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń tẹ̀ lé, sọ pé oúnjẹ tí wọ́n bá pè ní aláìní gluten kò gbọ́dọ̀ ní ju mílígíráàmù 20 rẹ̀ lọ nínú kílógíráàmù kan. Àwọn olùwádìí sì sábà máa ń tọ́ka sí mílígíráàmù 10 lójúmọ́ gẹ́gẹ́ bí ibi tí ara ọ̀pọ̀ àwọn tó ní celiac lè gbà á dé. Búrẹ́dì pẹlẹbẹ kan ṣoṣo ní gluten tó gíráàmù 2 sí 3, ìyẹn mílígíráàmù 2,000 sí 3,000.

Mo gbé ẹyọ kan sórí àwo. Mo gé e sí méjì. Mo mú ìdajì kan, mo tún gé e sí méjì, mo ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ títí ó fi di ẹ̀ẹ̀mẹjọ. Ohun tó kù lọ́wọ́ mi jẹ́ ìdá kan nínú 256, ó tó hóró ẹ̀wà kan. Nǹkan bíi mílígíráàmù 10 nìyẹn. Nígbà tí mo fi ìka tẹ̀ ẹ́, mi ò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i mọ́.

Mo wá yí tósítà wa dojú dé sórí pépà. Èérún tó dà sílẹ̀ kún ṣíbí ìmutíì kan dẹ́nu.

Ọjọ́ yẹn kan náà ni Àǹtí gbà mí lọ́wọ́ àṣìṣe kan tí ì bá ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́. Mo sọ fún wọn pé màá bọ gbogbo ohun èlò mi sínú omi híhó. Wọ́n ní, "Kì í ṣe kòkòrò, kò ní ẹ̀mí tí wàá gbà." Iná kì í pa gluten. Òróró gbígbóná kì í pa á, oògùn apakòkòrò kì í pa á, fíríìsà ò lè ṣe é ní nǹkan kan. Ṣe lèèyàn gbọ́dọ̀ gbé e kúrò: ọṣẹ, omi, kí a fọwọ́ ha á dáadáa, kí a ṣàn án nù. Ohun tó bá dán, tí omi lè dé gbogbo ara rẹ̀, ó ṣeé gbà là. Ohun tó bá ní ihò tàbí ojú àpá, tí gluten lè sá pamọ́ sí, kò ṣeé fọkàn tán. Ìlànà yìí ni mo fi dá gbogbo ẹjọ́ tó kù.

Ọjọ́ kẹrin sí ìkẹfà: kọ́bọ́ọ̀dù

Mo kó gbogbo ohun tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù sórí tábìlì, mo ń ka àkọlé ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Alẹ́ mẹ́ta ló gbà, torí pé lẹ́tà wọn wẹ́ bí ẹsẹ̀ èèrà. Èròjà amọ́bẹ̀dùn onígun mẹ́rin tí mò ń lò ní ìyẹ̀fun àlìkámà ní ìlà kẹta. Àpòpọ̀ èròjà tí mo fi ń pa ẹran lára ní sítáàṣì àlìkámà. Fínígà tí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n jẹ́ ti mọ́ọ̀tì, ìyẹn báálì. Báàkìn páúdà, sítáàṣì àlìkámà náà tún ni. Sọ́séèjì inú fíríìsà, èérún búrẹ́dì ni wọ́n fi mú un dì.

Àlìkámà ní orúkọ tó pọ̀. Semolina, durum, spelt, bulgur, couscous, seitan, òun náà ni gbogbo wọn. Bí wọ́n bá sì kọ ọ́ pé nǹkan kò ní àlìkámà, ìyẹn nìkan kò tó, nítorí báálì tàbí ráì lè wà níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, òfin 2004 lórí àkọlé oúnjẹ mú un ní dandan kí wọ́n dárúkọ àlìkámà, àmọ́ kò kan báálì àti ráì. Ní Yúróòpù ní tiwọn, gbogbo ọkà tó ní gluten ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi lẹ́tà tó yàtọ̀ kọ sára páálí. Torí náà, kí èèyàn wo ilẹ̀ tí àkọlé oúnjẹ náà ń tẹ̀ lé òfin rẹ̀ kó tó gbà á gbọ́.

Àwọn kan wà tí mo bẹ̀rù lásán. Ìrẹsì tó máa ń lẹ̀ mọ́ra, tí wọ́n ń pè ní glutinous, kò ní gluten rárá. Ìrẹsì, àgbàdo, ọkà bàbà, jéró, ọ̀dùnkún, ẹ̀wà, ẹyin, ẹran, ẹja, ẹ̀fọ́ àti èso, bí Ọlọ́run ṣe dá wọn, kò sí i nínú wọn. Ìgbà tí wọ́n bá lọ̀ wọ́n nínú ẹ̀rọ tí àlìkámà ń gbà kọjá ni ọ̀rọ̀ ń yí padà. Óòtì fúnra rẹ̀ kì í ṣe àlìkámà, ṣùgbọ́n láti oko ni wọ́n ti sábà máa ń dà pọ̀, àwọn díẹ̀ nínú àwọn tó ní celiac sì wà tí óòtì tó mọ́ pàápàá ń yọ lẹ́nu. Àǹtí ní kí n má wulẹ̀ dán an wò.

Lẹ́yìn náà ni mo wo àwọn ohun tí a ti ṣí. Bọ́tà inú fíríìjì ní èérún búrẹ́dì lójú rẹ̀, mo kà á, mọ́kànlá. Ọ̀bẹ tí a fi pa á sára búrẹ́dì la tún ń kì bọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni jáàmù. Iyọ̀ ńkọ́? Mo rántí iye ìgbà tí mo ti fi ọwọ́ tó ní ìyẹ̀fun bu iyọ̀ nínú ike yẹn. Iyọ̀ tí mo ti rò pé kò sí ohun tó mọ́ tó o. Mo pinnu pé iyọ̀, ṣúgà, bọ́tà àti òróró tuntun, tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí, ni màá fi se oúnjẹ Àǹtí.

Ọjọ́ kẹsàn-án: ohun èlò

Mi ò ní owó láti ra ilé ìdáná tuntun, kò sì pọn dandan. Mo pín ohun èlò sí ọ̀nà méjì. Ìkòkò irin tí kì í dógùn-ún, àwo tánńganran, ọ̀bẹ tí èèkù rẹ̀ jẹ́ irin, abọ́ onígíláàsì: gbogbo wọn dán, fífọ̀ dáadáa tó wọn. Ṣíbí onígi, pátákó ìgéfọ́ tí ọ̀bẹ ti ha, asẹ́ tí ojú rẹ̀ wẹ́, páànù tí kì í lẹ̀ àmọ́ tí ara rẹ̀ ti bó, àti agbada irin dúdú tí a kì í fi ọṣẹ fọ̀: mo kó wọn sínú páálí, mo gbé e lọ sí yàrá ìkẹ́rù títí iṣẹ́ á fi parí. Asẹ́ ni mo fi àkókò tó pọ̀ jù yẹ̀ wò. Mo gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, mo sì rí i pé ihò bíi mẹ́wàá ló dí, tí ohun funfun gbẹ mọ́ wọn. Mo ti ń fọ asẹ́ yẹn fún ọdún mẹ́rin.

Mo ra asẹ́ kan, pátákó ìgéfọ́ kan, ṣíbí onígi méjì àti kànìnkànìn tuntun. Mo so òwú pupa mọ́ ọwọ́ ìkọ̀ọ̀kan wọn. Mo kó àwọn ọmọ jọ, mo sọ fún wọn pé ohun tó bá ti ní òwú pupa, ti Àǹtí ni, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án láìbéèrè. Àmì yẹn ṣiṣẹ́ ju gbogbo àlàyé tí mo ti ń ṣe lọ. Kànìnkànìn àti aṣọ tí a fi ń nu àwo ṣe pàtàkì ju bí èèyàn ṣe lè rò lọ, nítorí pé èyí tí a fi nu tábìlì tí búrẹ́dì wà lórí rẹ̀ ni a óò tún fi pa gluten sára àwo tó mọ́.

Tósítà kò sí nínú ìjíròrò. Mo fi lọ́rá wé e, mo gbé e kúrò.

Ọjọ́ kejìlá: ìdánwò tó bàjẹ́

Mo ní kí n kọ́kọ́ dán oúnjẹ náà wò láìsí Àǹtí. Adìẹ tí a yan pẹ̀lú ààyù, ọsàn wẹ́wẹ́, iyọ̀ àti bọ́tà, ọ̀dùnkún tí a yan lábẹ́ rẹ̀, kárọ́ọ̀tì, ọbẹ̀ omi adìẹ tó ki díẹ̀, èso tí a gé àti kọ́sítáàdì tí mo fi ẹyin, mílíìkì àti ṣúgà ṣe. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yan ohun tí kò ní gluten láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Kéèyàn máa wá búrẹ́dì tó dà bíi búrẹ́dì nígbà àkọ́kọ́ yìí, ewu àti wàhálà ló máa fi kún un.

Ọbẹ̀ ló kọ́kọ́ yọ mí lẹ́nu. Ìyẹ̀fun ni mo máa ń fi mú un ki. Mo da sítáàṣì àgbàdo sínú omi adìẹ tó ń hó, ó sì di kókó wẹ́wẹ́ lójú ẹsẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì mo fi omi tútù po ṣíbí ìbọbẹ̀ kan rẹ̀ kúnná, mo wá ń dà á sí i díẹ̀díẹ̀ bí mo ṣe ń rò ó. Ó jọ̀lọ̀, ó sì ń dán ju ti ìyẹ̀fun lọ. Ìdajì ohun tí mo máa ń lò ní ìyẹ̀fun ló tó, torí pé agbára rẹ̀ pọ̀ tó ìlọ́po méjì.

Ìṣòro kejì ló gbẹ̀mí ìdánwò náà. Mo ti gbé makaróní kaná fún àwọn ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọbẹ̀ náà. Ọmọ mi àgbà, tó fẹ́ ràn mí lọ́wọ́, ro makaróní, ó rí i pé ọbẹ̀ fẹ́ gun, ó sì fi ṣíbí kan náà rò ó. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló dá ọwọ́ dúró, tó wo òwú pupa tó wà lára ṣíbí tó yẹ kó mú, tí omi sì lé sójú rẹ̀. "Màmá, ẹ má bínú." Mi ò bínú. Kò sí ohun tí a lè fọ̀ nínú ọbẹ̀. Àwa la jẹ ẹ́, ó sì dùn.

Alẹ́ yẹn ni mo dé ibi ìpinnu tó ṣe pàtàkì jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Lọ́jọ́ tí Àǹtí bá ń bọ̀, gluten kankan kò ní sí lórí iná, lórí tábìlì tàbí lórí àwo ẹnikẹ́ni. Oúnjẹ kan náà ni gbogbo wa máa jẹ. Tí kò bá sí nílé ìdáná, kò sí ṣíbí tó lè gbé e. Ọkọ mi ló tún fi kún un pé a ò gbọ́dọ̀ da ìyẹ̀fun rárá ní ọjọ́ tó ṣáájú. Òótọ́ ni. Ìyẹ̀fun máa ń fò sínú afẹ́fẹ́, ó lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kó tó wá bà sórí ohun tí a ti fọ̀.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún: ọjà

Mo ya fọ́tò ẹ̀yìn páálí kọ̀ọ̀kan níbi tí mo ti ń rajà, mo fi ń ránṣẹ́ sí Àǹtí. Wọ́n fèsì lórí gbogbo rẹ̀. Ìgbà tí mo fi ti ata gígún ránṣẹ́, wọ́n ní, "Dá ìyẹn padà." Mo tún un kà, mi ò rí nǹkan kan. Wọ́n ní kí n wo ìsàlẹ̀, lábẹ́ déètì. Ó wà níbẹ̀, ìlà kan ṣoṣo: wọ́n dì í níbi tí wọ́n ti ń di àlìkámà. Mo ra ata gbígbẹ tí wọn ò tíì gún, mo lọ̀ ọ́ fúnra mi. Adìẹ náà, mo ra odindi tí wọn ò fi èròjà kankan sí. Èyí tí wọ́n ti rẹ sílẹ̀ lè ní soy sauce tàbí omi amọ́bẹ̀dùn tí kò sẹ́ni tó máa sọ.

Ojú tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wá gluten kiri yàtọ̀ sí tèmi tó bẹ̀rẹ̀ lánàá. Ta ló tún mọ àìsàn yìí ju ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ lọ? Àwọn kan rò pé tí àwọn bá ń béèrè, àwọn ń da àlejò láàmú. Àǹtí sọ fún mi pé ìdààmú gidi ni kéèyàn jókòó sídìí oúnjẹ tí kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, tó gbọ́dọ̀ yan láàárín kó já onílé kulẹ̀ àti kó ṣàìsàn.

Ogúnjọ́: ìfọ̀

Èérún ni mo kọ́kọ́ gbá, mi ò tíì fi omi sí i, torí omi á sọ ọ́ di àtẹ̀. Mo gbá inú dúrọ́ọ̀ tí ṣíbí ń gbé, ẹ̀yìn sítóòfù, ìdí ọwọ́ fíríìjì. Lẹ́yìn náà, ọṣẹ àti omi gbígbóná, mo ṣàn án, mo fi aṣọ tuntun nù ún gbẹ. Mo ha inú ófùn, mo sì ti pinnu pé fọ́ìlì ni màá tẹ́ sórí páànù ìyan, kí nǹkan kan má kan irin rẹ̀. Mo fọ ìkòkò lẹ́ẹ̀mejì, pàápàá ìdí ọwọ́ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti fi èṣó dè é. Agogo mẹ́wàá alẹ́ ni mo jókòó. Búrẹ́dì àwọn ọmọ fún àárọ̀ wà nínú ike tó dé, nínú yàrá wa.

Ọjọ́ kọkànlélógún: àlejò dé

Mo wọ aṣọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Mo bọ́ òrùka, mo fọ ọwọ́, mo ha èékánná. Agogo mẹ́ta ni adìẹ wọná. Àwọn ohun tí mo fi sè é, mo to gbogbo páálí àti ike wọn sórí tírè kan lẹ́bàá ilẹ̀kùn ilé ìdáná, mi ò jù ìkankan nù.

Àǹtí dé ní agogo márùn-ún. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n fà mí dìde, wọ́n sì lọ tààrà sídìí tírè. Wọ́n wọ awò ojú wọn. Wọ́n ka gbogbo rẹ̀ láìkánjú, mo dúró tì wọ́n, ọkàn mi ń lù kìkì. Wọ́n wo asẹ́ olówùú pupa, wọ́n ṣí ìdérí ìkòkò, wọ́n bi mí léèrè ohun tí mo fi mú ọbẹ̀ ki. "Sítáàṣì àgbàdo, Àǹtí, páálí rẹ̀ nìyí." Wọ́n bọ́ awò náà, wọ́n ní, "Ó dáa. Ebi ń pa mí."

Agogo mẹ́fà kọjá díẹ̀ ni àbúrò ọkọ mi dé, ó gbé kéèkì ńlá kan dání, inú rẹ̀ dùn. Mi ò tíì ronú kan ohun tí àlejò mìíràn lè gbé wá. Ọkọ mi pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ṣàlàyé fún un ní ohùn jẹ́ẹ́jẹ́, wọ́n sì jọ gbé kéèkì náà padà sínú ọkọ̀ láìṣí i. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀ kó tó jókòó. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn, torí kò rọrùn fún ẹni tó ru ẹ̀bùn wá.

Àǹtí ni mo kọ́kọ́ bu fún, kí ṣíbí ẹnikẹ́ni tó wọ inú abọ́. Wọ́n jẹ adìẹ, wọ́n jẹ ọ̀dùnkún, wọ́n tún béèrè ọbẹ̀. Oúnjẹ gbígbóná. Ọmọ mi àgbà ń wò wọ́n títí wọ́n fi bi í pé kí ló dé, ó ní kò sí nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa lọ, wọ́n mú abọ́ onídèérí yẹn jáde látinú báàgì wọn. Òfìfo ni. Wọ́n ní kí n bá àwọn bu adìẹ tó kù sí i.

Ọjọ́ kẹrìnlélógún

Mi ò pè wọ́n lọ́jọ́ kejì, mo mọ̀ pé ó lè gba ọjọ́ kan tàbí méjì kó tó hàn. Àárọ̀ yìí ni mo pè. Kò sí ohun tó ṣe wọ́n, wọ́n sì ti jẹ adìẹ tó kù tán. Àmọ́ wọ́n kìlọ̀ fún mi pé bí inú ò ṣe run àwọn kì í ṣe ẹ̀rí pé gluten ò sí rárá. Ó máa ń ba ìfun àwọn kan jẹ́ láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀ lára, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nílé ìwòsàn ló máa ń tú u fó nígbà mìíràn. Torí náà, mi ò ní dín nǹkan kan kù nínú ìṣọ́ra náà nígbà mìíràn.

Ohun tó ṣẹ́ kù láti ṣe: ike tó ní ìdérí fún iyọ̀ àti ṣúgà Àǹtí, kí n má máa ra tuntun ní gbogbo ìgbà, pèpéle tó ga jù nínú kọ́bọ́ọ̀dù fún àwọn ohun èlò olówùú pupa, torí pé tí ó bá wà lókè, ìyẹ̀fun ò lè dà sí i lára, kí n sì pe gbogbo ẹni tó bá ń bọ̀ ṣáájú, kí n sọ fún wọn pé èso ni kí wọ́n gbé wá. Asẹ́ àtijọ́ yẹn kò padà wọ ilé ìdáná. Ọmọ mi ń fi í gbọn iyanrìn lẹ́yìnkùlé.